Ọkọ̀ Tó Ń Kú Lọ́wọ́ Ìyàwó Mi

Ohun tí mo kọ́kọ́ ń rántí nípa ọkọ̀ wa ni bó ṣe máa ń dákẹ́. Ọkọ̀ tó ti gbó máa ń wúkọ́ kó tó kú; á gbọ̀n rìrì, á tu èéfín, á máa ṣe bí àgbàlagbà tó ń wá ibi tí yóò jókòó sí. Tiwa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyàwó mi á máa wà á lọ jẹ́jẹ́, á máa bá rédíò kọrin, lójijì gbogbo nǹkan á pa rọ́rọ́, bí ìgbà tí ènìyàn bá fi ìdérí dé ìkòkò. Ìró táyà lórí ọ̀dà nìkan ni yóò kù, àti fèrè àwọn onítakisí tó wà lẹ́yìn, tí wọn kì í fún ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ kú láyè láti fi mí. Ìyàwó mi á wo ọ̀tún, á wo òsì, á rọra darí ọkọ̀ náà sí ẹ̀gbẹ́ títì, á ní, "Ó tún ti sùn." Nígbà mìíràn, bó bá ti yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, ọkọ̀ á jí, á máa kùn bí ẹni tí kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Nígbà mìíràn á sùn fún wákàtí kan gbáko, kò sì ní sí àdúrà tàbí èébú tó máa jí i.

Avéa, àdúgbò kan ní Libreville ní ilẹ̀ Gabon, ni à ń gbé, nínú ilé kékeré kan tí ọgbà rẹ̀ kò gbà ju ọkọ̀ kan àti igi máńgòrò kan lọ. Ibẹ̀ ni mo ṣì wà títí di òní. Libreville ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n bàbá mi, tó ń ta aago àti awò ojú, kò fẹ́ kí èdè Faransé gbé ọmọ òun lọ pátápátá, ó sì fi mí ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ ní Ìwó láti lọ kàwé. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ èdè tí mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ibẹ̀ náà ni mo ti kó àìsàn ìwé, nítorí nígbà tí mo padà dé, tí mo sì di olùkọ́ físíìsì ní ilé-ìwé girama kan, mo gbà gbọ́ pé kò sí nǹkan tó ń mì láyé yìí tí ènìyàn kò lè fi bírò àti ìwé mọ ìdí rẹ̀.

Ìyàwó mi kò kàwé tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo Rio, àdúgbò ọjà kan nínú ìlú wa, ló mọ̀ ọ́n. Aṣọ ló ń tà, nínú ìsọ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí àwọn onítakisí ti ń pe èrò. Yàtọ̀ sí aṣọ títà, iṣẹ́ kan tún wà tí ẹnikẹ́ni kò yàn án sí, tó sì di tirẹ̀: òun ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́. Bí ọmọ Yorùbá kan bá ń ti Libreville lọ sílé, ì báà ṣe nítorí ìkómọ, ì báà ṣe láti lọ wo ìyá tó ń ṣàárẹ̀, ọ̀dọ̀ ìyàwó mi ló máa ń fi kọ́kọ́rọ́ yàrá rẹ̀ sí. Àmánà ni ìyàwó mi ń pè é. Ó ní àmánà kò ṣeé fi sílé, kò ṣeé fi sí ìsọ̀, ibi tí òun bá wà ló gbọ́dọ̀ wà. Nítorí náà ó kó gbogbo rẹ̀ sójú òrùka irin kan ṣoṣo: kọ́kọ́rọ́ ilé wa, ti ìsọ̀, ti ọkọ̀, ti àpótí rẹ̀, àti ti gbogbo àwọn tó ti rìnrìn àjò. Kó má bàa ṣì wọ́n mú, ó so àjákù aṣọ mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, aṣọ tí olúkúlùkù ti rà lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Aránṣọ kan ní àjákù aláwọ̀ osàn, nọ́ọ̀sì kan ní aláwọ̀ ewé olójú ẹja. Bí ìyàwó mi bá ń bọ̀ lọ́nà, kí a tó rí i la ti máa ń gbọ́ ọ. Èmi ní kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tèmi lọ́tọ̀, ọ̀kan péré, tí kò ní ọ̀rẹ́ kankan.

Ọdún tí ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí kú ni ẹni tó ni ìsọ̀ Rio sọ pé òun fẹ́ gba ilé òun padà fún ọmọ òun. Ìyàwó mi kò sunkún. Ó wá títí, ó rí ìsọ̀ mìíràn ní Ntoum, ìlú kékeré kan lẹ́yìn Libreville, nítòsí ọjà, lọ́wọ́ màmá arúgbó kan, ọmọ ilẹ̀ Gabon, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Màmá náà ní òun máa fi oṣù mẹ́ta dán an wò, ní ọjọ́ Sátidé nìkan. Kó ti dé kí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ tó lù, nítorí òun kò fẹ́ ìsọ̀ tó ń sùn. Bó bá pẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, kó kó aṣọ rẹ̀ máa lọ, ẹlòmíràn ń dúró. Ọ̀rọ̀ náà kò le, ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ le: bí Ntoum bá bọ́, abẹ́ ibùsùn wa ni òwò ọdún mẹ́tàdínlógún yóò parí sí. Mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ ìdánwò lẹ́kọ̀ọ́ ní Sátidé, nítorí náà ìyàwó mi nìkan ló ń wakọ̀ lọ. Kí oṣù méjì tó pé, ọkọ̀ ti mú kó pẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Bí mo ṣe gba ọ̀rọ̀ náà ní tèmi nìyí. Mo ra ìwé àkọsílẹ̀ tuntun, mo fi rúlà fa ilà sí i, mo ya àyè sọ́tọ̀ fún ọjọ́, fún wákàtí, fún òjò tàbí oòrùn, fún ìwọ̀n epo inú táńkì, fún òkè tàbí ìsàlẹ̀. Ní alaalẹ́, bí ìyàwó mi bá ti bọ́ bàtà, mo máa ń fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò bí ọlọ́pàá. Nínú ọ̀sẹ̀ kìíní, mo ti mọ̀ dájú pé omi òjò ló wọ inú epo. Nínú ọ̀sẹ̀ kejì, mo mọ̀ dájú pé kì í ṣe omi, ooru ni, ó ń mú kó rẹ pọ́ǹpù epo. Nínú ọ̀sẹ̀ kẹta, mo tún mọ̀ dájú nǹkan mìíràn. Tí mo bá ṣí ìwé náà wò lónìí, ohun tó ń yà mí lẹ́nu jù ni iye ìgbà tí ènìyàn kan lè mọ nǹkan dájú láàárín oṣù kan.

Mo ń gbé ọkọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan ní ẹ̀yìn ilé wa, ọmọ Nàgó láti Kétu, ọkùnrin tó máa ń fi etí sí ẹ́ńjìnnì bí ẹni tó ń gbọ́ òfófó. Prọ́ọ̀fù ló ń pè mí. Ó pààrọ̀ fílítà, ó pààrọ̀ pọ́ǹpù, ó pààrọ̀ plọ́ọ̀gì àti wáyà wọn. Lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, a jọ máa ń wa ọkọ̀ náà yí ká àdúgbò, a gun òkè, a sọ̀ kalẹ̀, a wọ kòtò, ọkọ̀ náà kò kú rí.

Ó sọ fún mi nígbà kan pé, "Ọkọ̀ yìí ń bẹ̀rù mi, Prọ́ọ̀fù. Tó bá ti rí mi, ara rẹ̀ á yá."

Mo ní, "Ó tún kú lánàá, lójú ọ̀nà Ntoum."

"Ṣé ó bẹ̀bẹ̀ kó tó kú? Ẹ́ńjìnnì tí ebi epo ń pa máa ń bẹ̀bẹ̀. Á fà, á dúró, á tún fà. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe?"

"Mi ò sí níbẹ̀. Ìyàwó mi ló wà á."

"Kí ẹ bi màmá nígbà náà."

Àwọn àgbà ní abéèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà. Èmi kò béèrè. Ohun tí mo ṣe ni pé mo padà sílé, mo ṣí ìwé mi, mo sì wá ohun tí gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ náà kú fi jọra wọn. Ìgbà mẹ́rìndínlógún ni. Òjò wà níbẹ̀, oòrùn wà níbẹ̀. Táńkì kún, táńkì fẹ́rẹ̀ gbẹ. Ohun kan péré ni kò yí padà. Bí mo bá wa ọkọ̀ náà, kì í kú. Bí mẹkáníìkì bá wà á, kì í kú. Ìgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún, ọwọ́ ìyàwó mi ló ti kú. Inú mi dùn gan-an. Ẹ foríjì mí, ṣùgbọ́n òtítọ́ ni: mo jókòó nídìí tábìlì, inú mi ń dùn bí ẹni tó ti rí ẹ̀bùn gbà.

Mo pè é. Mo ní, "Ìyá Ìbejì, mo ti rí i. Ọwọ́ rẹ ni."

Ó ń ká aṣọ. Kò gbójú sókè. "Ọwọ́ mi?"

"Ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Ó ní láti jẹ́ bí o ṣe ń tẹ kúlọ́ọ̀ṣì."

"Bàbá Ìbejì, ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń wakọ̀ nílùú yìí. Ẹ̀yin lẹ fi ìdí ọkọ̀ gbá igi máńgòrò."

"Ìyẹn ò sí nínú ìwé."

"Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀. Tí ẹ bá kọ ọ́ tán, ẹ kọ ti rédíò náà. Mo ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ ò kọ ọ́. Tí ọkọ̀ yẹn bá kú, rédíò máa ń bá a kú pọ̀ ni, lẹ́ẹ̀kan náà."

Mo rẹ́rìn-ín músẹ́ bí mo ṣe máa ń rẹ́rìn-ín sí akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fún mi ní ìdáhùn ìbéèrè mìíràn. Mo ní, "Kí ni rédíò bá ẹ́ńjìnnì ṣe?"

Ó ká aṣọ rẹ̀ tán, ó sì bọ́ sí yàrá. Láti ọjọ́ náà, ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ sí bu ọlá fún mi. Ìyàwó tó ń bá ọkọ jà ṣì ń bá a sọ̀rọ̀. Èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ sí kí ọkọ bí àlejò ni kí ọkọ bẹ̀rù. "Ẹ káàárọ̀, sà. Oúnjẹ ti dé, sà. Ṣé ata rẹ̀ mọ níwọ̀n, sà?" Àwọn ìbejì wa, tí wọ́n wà nílé-ìwé girama nígbà náà, máa ń wo ojú mi, wọ́n á wo ojú ìyá wọn, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí sọ Faransé wúyẹ́wúyẹ́.

Nígbà tí a ti wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí Sátidé mìíràn sì ń bọ̀, mo sọ fún àwọn ọmọ ìdánwò pé kò sí ẹ̀kọ́. Mo sọ fún ìyàwó mi pé èmi fúnra mi ni màá gbé e dé Ntoum. Ó ní, "Ẹ ṣeun, sà." A di aṣọ sẹ́yìn ọkọ̀, a gbéra ní aago mẹ́fà. Kọ́kọ́rọ́ tèmi ni mo fi ṣí ọkọ̀. A fi ìlú sílẹ̀, a bọ́ sójú ọ̀nà ńlá, a kọjá gbogbo ibi gbágungbàgun tó wà níbẹ̀, ọkọ̀ náà ń lọ bí ọmọ rere. Mo ń súfèé, mo sì rò pé súfèé náà ti sọ gbogbo rẹ̀.

A dúró lẹ́bàá ọ̀nà láti ra ẹ̀gẹ́ tí wọ́n wé sínú ewé. Bí mo ṣe ń sanwó lọ́wọ́, ìyàwó mi ti sọ̀ kalẹ̀, ó ti yí lọ sí ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀. Ó ní, "Ẹ sún."

"Kí ló dé?"

"Ẹ ní ọwọ́ mi ni. Ẹ jókòó síbí, kí ẹ máa wo ọwọ́ mi. Ẹ wo ẹsẹ̀ náà."

"Kì í ṣe lónìí, Ìyá Ìbejì. Bí o bá pẹ́ lónìí, ìsọ̀ lọ."

"Mo mọ ohun tó ń lọ. Ìsọ̀ ṣeé wá. Bí wọ́n bá ń sọ káàkiri Rio pé ọwọ́ mi ń pa ọkọ̀, ibo ni mo ti fẹ́ wá ọwọ́ mìíràn?"

Mo yọ kọ́kọ́rọ́ mi, mo jù ú sápò, mo sì lọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Mo yíjú sí i gẹ́gẹ́ bí alámòójútó ìdánwò. Ó mú ìdì kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ jáde, ó ki ti ọkọ̀ bọ ojú ihò rẹ̀, ó yí i, ẹ́ńjìnnì dáhùn, rédíò dáhùn. Mo wo ọwọ́ rẹ̀, mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ń tẹ kúlọ́ọ̀ṣì bí ẹni tó ń tẹ àkísà, jẹ́jẹ́, ju bí èmi ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lọ. N kò rí àṣìṣe kan. A lọ díẹ̀, a wọ kòtò kékeré kan, gbogbo nǹkan sì pa rọ́rọ́.

Èmi fúnra mi ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Mo ní, "Rédíò ti kú."

Ìyàwó mi wò mí. Ó darí ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó yí kọ́kọ́rọ́, kò dáhùn. Ó tún un yí. Kò sí iná kankan tó tàn níwájú rẹ̀. Aago mẹ́jọ ti kọjá. Mo rí i tó gbé ọwọ́ méjèèjì lé ìdarí ọkọ̀, tó ń wo iwájú. Ìgbà yẹn ni ìwé mi, àti ayọ̀ tí mo yọ̀ lórí rẹ̀, kọ́kọ́ tì mí lójú.

Nítorí pé n kò mọ ohun tí mo lè ṣe, mo na ọwọ́ sí ìdì kọ́kọ́rọ́ náà, tó ń mì lọ, tó ń mì bọ̀ lábẹ́ ìdarí ọkọ̀ bí èso lórí ẹ̀ka. Mo kàn fẹ́ mú un dúró ni. Mo gbé e ró sínú àtẹ́lẹwọ́ mi. Ó wúwo ju bí mo ṣe rò lọ. Bí mo ṣe gbé e sókè báyìí, iná tàn níwájú ìyàwó mi, ẹnìkan sì bẹ̀rẹ̀ sí ka ìròyìn nínú rédíò.

A jọ wo ara wa. Mo rọra sọ ọwọ́ mi kalẹ̀. Ìròyìn dákẹ́. Mo gbé e sókè. Ìròyìn ń bá a lọ.

"Ẹ má jù ú sílẹ̀ o!" ni ìyàwó mi pariwo. "Ẹ gbé e ró bẹ́ẹ̀!"

Ilé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ náà ló ti jẹ. Gbogbo yàrá àwọn ọmọ Yorùbá tó ti rìnrìn àjò ló so kọ́ ọ lọ́rùn láti ọdún yìí wá, kòtò kékeré kan sì ti tó láti fà á kúrò níbi tí iná ti ń kàn án. Kọ́kọ́rọ́ tèmi, tí kò ní ọ̀rẹ́ kankan, kò lè fa nǹkan kan. Mo ń gbé aláìsàn lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì láti oṣù mẹ́ta, mo sì ń fi àìsàn sílẹ̀ sínú báàgì ìyàwó mi.

Mo ní kí a yọ ti ọkọ̀ kúrò lára òrùka náà. Ìyàwó mi ní rárá: òrùka náà le, koríko ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ga, bí kọ́kọ́rọ́ kan bá jábọ́ síbẹ̀, kí ni òun yóò sọ fún aránṣọ nígbà tó bá ti Ọ̀yọ́ dé? Àmánà ni. "Ẹ mú un dání, ká máa lọ." Bẹ́ẹ̀ ni èmi, olùkọ́ físíìsì, ṣe tẹ̀ síwájú láti orí ìjókòó mi, tí mo na ọwọ́ òsì sábẹ́ ìdarí ọkọ̀, tí mo sì gbé kọ́kọ́rọ́ gbogbo Libreville lọ́wọ́ bí ẹni gbé orí ọmọ tuntun. Ẹ̀yìn ń dùn mí. Apá mi kú tipiri. Bí kòtò bá dé, ìyàwó mi á kéde rẹ̀: "Kòtò! Ẹ múra!" Èmi á ní, "Mo ti múra!" A kò bá ara wa sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ méjì.

A dé Ntoum. Màmá arúgbó náà dúró níwájú ìsọ̀, obìnrin kan tí a kò mọ̀ sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú àpò ẹrù. Màmá wo fóònù rẹ̀. Ó ní ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó wo ìyàwó mi láti orí dé ẹsẹ̀, ó wo èmi náà, tí n kò tíì lè nà tán, ó yọ kọ́kọ́rọ́ ìsọ̀ náà láti inú àpò aṣọ rẹ̀, ó sì nà án sí ìyàwó mi. Obìnrin kejì gbé ẹrù rẹ̀, ó lọ. Ìyàwó mi gba kọ́kọ́rọ́ náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí wá àyè tí yóò fi í sí lára òrùka.

Òógùn bò mí. Mo ki ọwọ́ bọ àpò láti fa áńkáṣíìfù jáde, nǹkan kan bá a jáde, ó bọ́ sórí sìmẹ́ńtì, ó dún gbàn-án. Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ mi ni.

Ìyàwó mi wo ilẹ̀. Ó wò mí. Ó tún wo ilẹ̀. "Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó…" ló wí, kò sì lè parí rẹ̀. Ó jókòó lórí ìdì aṣọ, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ń na ìka sí àpò ṣòkòtò mi. Màmá arúgbó tí kì í sọ̀rọ̀ béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Nígbà tí a ṣàlàyé fún un, òun náà di ilẹ̀kùn mú. Mo fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n ẹ̀rín mú èmi náà. Nígbà tí a rẹ́rìn-ín tán, mo ní, "Ìyá Ìbejì, kì í ṣe ọwọ́ rẹ. Má bínú sí mi." Ó nu ojú rẹ̀, ó ní, "Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé." Mo kọ ọ́. Ó wà níbẹ̀ títí di òní, ní ìsàlẹ̀ ìgbà kẹtàdínlógún.

Mẹkáníìkì pààrọ̀ ilé kọ́kọ́rọ́ náà lọ́jọ́ Mọ́ńdé, kò gbà á ju wákàtí méjì lọ. Ó gbé ìdì kọ́kọ́rọ́ ìyàwó mi wò lọ́wọ́ bí ẹni tó ń wọn ẹran. Ó ní, "Prọ́ọ̀fù, ẹ ti kàwé jù. Mo ní kí ẹ bi màmá." Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè; èmi ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n nínú ilé, n kò lò ó. Láti ọjọ́ náà ni kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ti ń dá wà, tí àmánà sì lọ sínú àpò kékeré kan tí ìyàwó mi rán fún un. Ìsọ̀ Ntoum di tirẹ̀ pátápátá. Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí sọ ìtàn náà níbikíbi tí ènìyàn méjì bá ti pé. Nígbà tó kọ́kọ́ sọ ọ́, mo gbé kọ́kọ́rọ́ dé Ntoum láti ibi tí a ti ra ẹ̀gẹ́. Kí ọdún tó yí, mo ti ń gbé e láti Avéa. N kò bá a jiyàn.

Ọdún kẹta rèé tó ti fi wá sílẹ̀. Àìsàn náà kò pẹ́, n kò sì ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ láti sọ nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nínú yàrá ilé ìwòsàn, ara rẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀, ó béèrè ọkọ̀. Mo ní ó wà dáadáa. Ó ní, "Bàbá Ìbejì, ẹjọ́ kan wà tí mo fẹ́ rò fún yín. Mo mọ̀ pé kọ́kọ́rọ́ wà lápò yín lọ́jọ́ náà."

N kò kọ́kọ́ mọ ọjọ́ tó ń sọ. "Ọjọ́ wo?"

"Ọjọ́ Ntoum. Mo rí i nígbà tí ẹ jù ú sápò. Nígbà tí iná tàn báyìí, mo ti rántí rẹ̀."

"O sì jẹ́ kí n tẹ̀ bẹ́ẹ̀ dé Ntoum?"

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kékeré tó kù lára rẹ̀. Ó ní, "Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ fi ń wo ọwọ́ mi. Mo fẹ́ kí ẹ lo tiyín náà díẹ̀."

Lẹ́yìn rẹ̀, èmi ni mo dá kọ́kọ́rọ́ àwọn ènìyàn padà fún wọn. Mo tú àpò náà sórí tábìlì tí mo ti ń kọ ìwé mi nígbà kan, mo sì lọ láti ilé dé ilé. Kò sí ẹni tí mo ní láti bi ní orúkọ. Bí mo bá ti ṣí àtẹ́lẹwọ́ mi, olúkúlùkù á nawọ́ mú àjákù aṣọ tirẹ̀. Nọ́ọ̀sì mú olójú ẹja. Aránṣọ mú aláwọ̀ osàn, ó ní òun ṣì ní bùbá rẹ̀ nílé. Mẹ́ta lára wọn tún ń rìnrìn àjò. Tiwọn ṣì wà lọ́dọ̀ mi, mo sì ń mú wọn lọ sí ibikíbi tí mo bá ń lọ, nítorí àmánà kò ṣeé fi sílé.

Ìbejì wa obìnrin ló ń ṣí ìsọ̀ Ntoum báyìí ní Sátidé, èmi ni mo ń gbé e lọ, nínú ọkọ̀ kan náà. Kò kú mọ́. Síbẹ̀ bí a bá dé ibi gbágungbàgun, ọwọ́ ọ̀tún mi máa ń fi gíà sílẹ̀ fúnra rẹ̀, á lọ sábẹ́ ìdarí ọkọ̀, á gbé kọ́kọ́rọ́ ró.

Ọmọ mi sọ fún mi ní Sátidé tó kọjá pé, "Pápá, kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Kò lè bọ́."

Mo ní, "Mo mọ̀."

Mo gbé e ró bẹ́ẹ̀ títí ọ̀nà fi dán.